Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù Peugeot 504 yín ní Jos

Ẹ kú wàhálà ọkọ̀ o, arákùnrin. Ẹ ní Peugeot 504 yín kò fún yín ní ìyọnu kankan nígbà tí ẹ ń wà á ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé yín wá sí Jos, abẹ́rẹ́ géèjì ooru rẹ̀ máa ń wọ inú pupa bí ẹ bá ń gun òkè lọ́sàn-án. Ẹ ní mẹkáníìkì yín ti ní kí ẹ mú owó wá kí òun tú tọ́ọ̀pù (irin tí ó bo orí ẹ́ńjìnnì), kí òun sì yọ tẹ́mósítáàtì (ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí fún omi bí ó bá gbóná) sọnù, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ gbà fún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Irú ọkọ̀ kan náà ni mo wà, ojú ọ̀nà kan náà sì ni, irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ló sì ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́.

Jos fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Omi tí ó ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius létí òkun ti ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bí 96. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà fúyẹ́, ó dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ sí ti etí òkun, nítorí náà fáànù lè máa yí bí ó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tí ó ń gba inú rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, kọjá má sì tó mọ́. Ẹ́ńjìnnì pàápàá kò lágbára tó bí ó ti ní nísàlẹ̀, èyí sì ń mú kí awakọ̀ túbọ̀ tẹ epo mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gba Akwanga wọlé lóṣù kẹta, inú ooru ìsàlẹ̀ ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun Hawan Kibo, òkè tí ó wà lójú ọ̀nà Jos. Àlébù kékeré tí kò hàn rárá ní Ìbàdàn, dandan ni kí ó hàn níbẹ̀.

Nígbà tèmi, mo ti gun òkè náà tán, mo sì ń rọra lọ kí ara ọkọ̀ lè tutù, ni àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò dá mi dúró, tí wọ́n ní kí n pa ẹ́ńjìnnì kíákíá. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lójijì, pọ́ǹpù omi dúró, fáànù dúró, ooru tí ó wà nínú irin yóò sì máa wọ inú omi tí kò rìn mọ́. Kí wọ́n tó ka ìwé mi tán, omi ti ń ru jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ bá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní amòye Peugeot, kò wo ìdérí rédíétọ̀, kò fọwọ́ kan fáànù. Ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ó wà láàárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì), ti jó, ó sì tú tọ́ọ̀pù.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí dáadáa. Àwọn láínà, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí písítọ̀nù ń rìn nínú wọn, kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Ńṣe ni wọ́n jókòó sínú rẹ̀, omi yí wọn ká, síìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nídìí wọn nìkan ni kò jẹ́ kí omi náà já sínú ọ́ìlì. Tọ́ọ̀pù ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí a bá ti gbé e kúrò, a gbọ́dọ̀ fi irin de àwọn láínà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yí kíráǹkì, irin tí ń gbé písítọ̀nù lọ sókè sódò. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá yìí yí i lójú mi, ó ní òun fẹ́ nu orí písítọ̀nù. Mo rí láínà kejì tí ó bá písítọ̀nù gbéra díẹ̀, tí ó tún jókòó padà. Mo pariwo, ọ̀gá ní kí n jẹ́ kí àwọn ṣe iṣẹ́ àwọn. Wọ́n tún gbé tọ́ọ̀pù náà lọ fún túrúnà, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gé irin, pé kí ó fá a, láìfi irin títọ́ wò ó bóyá ó tilẹ̀ tẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tò ó padà, mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ohun tí mo rí lórí rẹ̀ dà bí kókó tí a po mọ́ mílíìkì: omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ọ̀gá yìí kan náà ló ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Títí di òní, inú ń bí mi.

Lẹ́yìn tí mo ra ẹ́ńjìnnì míràn, ọkọ̀ ṣì ń gbóná. Baba kan tí ó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀ ni ó rí ohun tí ń ṣe é. Fáànù àtilẹ̀wá 504 kì í fi gbogbo agbára yí nígbà gbogbo. Mágínẹ́ẹ̀tì kan ló ń so ó mọ́ púlì, irin róbótó tí bẹ́líìtì ń yí, nígbà tí omi bá gbóná. Iná sì ń gba ara bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ìyẹn èédú tí ń gbé iná, dé ọ̀dọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì náà. Bọ́rọ́ọ̀ṣì tèmi ti jẹ tán. Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé fáànù náà ṣì ń yí, nítorí púlì ń wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò sí lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí ẹ sì ti pa á, ẹ yọ wáyà kan ṣoṣo tí ó lọ sí bọ́rọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fa iná láti orí pọ́sítíìfù bátìrì sí bọ́rọ́ọ̀ṣì náà. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó gbọ́ tí ó dún kọ̀, fáànù yóò sì le lọ́wọ́ yín. Bí kò bá dún, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn fáànù, ó kan ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí tí ó bá lè di ìfúnpá 7 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá) mú ń sún ìwọ̀n tí omi fi ń hó síwájú ní nǹkan bí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí sì ju ohun tí òkè Jos gbà lọ́wọ́ yín lọ. Bí sípíríǹgì rẹ̀ bá ti rọ, kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan. Iye tí ìwé ọkọ̀ yín kọ ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tí ó le jù ú lọ, nítorí rédíétọ̀ àtijọ́ lè bẹ́ níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ po kúláǹtì (oògùn inú rédíétọ̀) àti omi ní ìlàjì sí ìlàjì. Bẹ́líìtì, ọ́ọ̀sì, táímíǹgì iná púlọ́ọ̀gì tí ó pẹ́ jù, eruku ọyẹ́ lójú rédíétọ̀, gbogbo ìyẹn ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ìdérí nígbà tí ó bá gbóná. Bí ìfúnpá bá ti jáde lórí òkè, omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì bó ènìyàn lójú. Ẹ má da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè, ẹ lo jíà kékeré, kí ẹ ṣí hítà pátápátá, bí àwọn mẹkáníìkì kò bá tíì gé ọ́ọ̀sì rẹ̀ dànù. Bí ọkọ̀ bá kú tí abẹ́rẹ́ kò sì dé inú pupa, ó lè jẹ́ pé epo ló ti di ooru nínú pọ́ǹpù epo. Ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ ní sùúrù.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó jó lóòótọ́ ní àmì. Ẹ ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ tan án: bí omi bá ń yọ ìfóófòó láìdáwọ́ dúró kí ó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ lè gbà pé ó jó. Kí wọ́n tó tú u, ẹ béèrè irin ìdè láínà, kí ẹ sì fojú rí i.

Ní ti tẹ́mósítáàtì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí kò bá sí níbẹ̀, omi yóò máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú tí kò kan rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kí ẹ ka iye tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ 82 tàbí 83, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí kí omi Jos tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí kò bá ṣí, ẹ ra òmíràn. Bí ó bá ṣí, ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀.