Ṣé mo lè se èèpo olómi ojò fún ọmọ tí ibà ń ṣe?

Ìbéèrè: Àfáà, as-salāmu alaykum. Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Ibà ń ṣe ọmọ mi ọlọ́dún 4. Ìyá ọkọ mi ní kí n bó èèpo igi olómi ojò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, kí n sè é fún un mu, torí Ànábì ní kò sí àrùn tí kò lóògùn. Ṣé mo ṣẹ̀ bí mo bá kọ̀? Òdòdó rẹ̀ tún máa ń já sínú omi àlùwàlá wa.

Ìdáhùn: Wa alaykum salām. Ẹ má sè é o, májèlé ni igi náà! Ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti mu níbẹ̀, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò bì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀ka igi náà dání kí dókítà rí i.

Hádíìsì tí ìyá fà yọ, òótọ́ ni. Ànábì (SAW) yìí kan náà ló ka oògùn burúkú léèwọ̀ fún wa, àwọn onímọ̀ sì ka májèlé mọ́ ọn. Ibn Qudāma, onímọ̀ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ní oògùn tó ní májèlé, bó bá jẹ́ ìparun ló sábà ń gbẹ̀yìn rẹ̀, kò tọ́ ká lò ó; bó bá jẹ́ àlàáfíà ló pọ̀ níbẹ̀, tí a sì ń retí àǹfààní, kò burú.

Ẹ já ewé olómi ojò kan, ẹ ó rí oje funfun bíi wàrà tó ń sun jáde. Ọkàn èèyàn ni oje yẹn ń bá jà: a máa dín lílù rẹ̀ kù, a máa dà á rú, ó sì lè dá a dúró. Síse kì í pa agbára rẹ̀, sísá kì í pa á. Kóró inú èso ló tún le jù. Lóòótọ́, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi èèpo rẹ̀ wo ibà, àmọ́ ta ni nínú yín tó lè wọn ìwọ̀n tí ọkàn ọmọ ọlọ́dún 4 gbà?

Ẹ kò ṣẹ̀. Ọlọ́hun ní ká má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun (Báqárà, áyà 195). Ẹ ṣáà kúnlẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́: “Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.”

Ní ti omi, májèlé yàtọ̀ sí nàjísì (ohun ẹ̀gbin tí kò jẹ́ kí ìrun dára). Bí oje igi náà bá kan aṣọ, ẹ lè fi kírun; omi tí atẹ́gùn gbé òdòdó sí kò di ẹ̀gbin. Àmọ́ a máa ń fi omi àlùwàlá yọ ẹnu, a ń fín in sí imú, ọmọdé á sì gbé e mì. Ẹ dà á nù, kí ẹ máa dé búútà yín. Gbígbin igi náà kì í ṣe hàráàmù, ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ ti ń ṣa kóró nílẹ̀ ṣeré, èmi ni, mà á gé e.