Ẹ Bi Wá: Ọ̀bẹ tí mo ṣe fúnra mi kì í mú pẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń kọ́, ó wá wù mí kí n máa ṣe ọ̀bẹ. Mo mú íróòdù tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo lù ú pẹlẹbẹ, mo fi fáílíìn mashíìn gbẹ́ ẹ títí ó fi rí bí ọ̀bẹ gidi, gbogbo ẹni tó rí i ló ń yìn mí. Àmọ́ tí mo bá pọ́n ọn, tó bá ti gé tòmátì díẹ̀ báyìí, ó ti kú nìyẹn. Màmá mi ti gbé e sọ sí kọ̀rọ̀. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? Mi ò lówó ẹ̀rọ ńlá o, ẹ jọ̀ọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọwọ́ ẹ dáa, irin yẹn ni ò dáa. Irin tí ojú ẹ̀ máa mú tó sì máa pẹ́ gbọ́dọ̀ ní kábọ́ọ̀nù, èròjà tó ń jẹ́ kí irin lè le, nínú dáadáa, a ń sọ nǹkan bíi 0.6 sí 1 nínú ọgọ́rùn-ún, íróòdù ìkọ́lé àti irin tẹ́ ẹ fi ń ṣe géètì kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. O lè pọ́n ọn láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè le ju bó ṣe wà lọ. Irú irin tó o mú àti iná tó o fún un, àwọn méjì yìí ni ọ̀bẹ, ẹwà tó kù ẹ̀yìn wọn ló ń tọ̀.

Sípíríìn pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù dáa gan, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń fi rọ àdá, àmọ́ ó nípọn, o máa lù ú nínú iná títí kó tó fẹ́lẹ́, ìyẹn lè sú èèyàn tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn. Èmi á ní kó o lọ sí sáwúmììlì, kó o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ẹ wá àjákù bíléèdì ńlá tí wọ́n fi ń la gẹdú, èyí tí wọn ò lò mọ́. Ó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ fáìlì ló kù. Gé eyín ẹ̀ dànù ṣá o, torí nígbà mìíì irin ọ̀tọ̀ ni wọ́n jó mọ́ ibẹ̀.

Má kàn gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún ẹ gbọ́, dán an wò. Gbé fáílíìn mashíìn lé e: íróòdù máa ń ta iná gígùn tó ń lọ tààrà, irin tó ní kábọ́ọ̀nù iná ẹ̀ máa ń fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Lẹ́yìn náà gé èyí tó tó ìka kan, jẹ́ kó pọ́n nínú eèdú, jù ú sómi, fi fáìsì dì í mú, kó o fi òòlù gbá a (bo ojú ẹ o). Tó bá ṣẹ́ bíi gíláàsì, o ti rí irin ọ̀bẹ. Tó bá tẹ̀, wá òmíràn. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò, irú èyí tó wà lára páànù àti páìpù omi, má kì í bọ iná láéláé, èéfín ẹ̀ á fún ẹ ní ibà.

Tó o bá ti rí i, jẹ́ kó pọ́n, rì í sínú eérú gbígbẹ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, á rọ̀, fáìlì á máa jẹ ẹ́. Ya ọ̀bẹ náà sórí páálí kó o tó gé irin. Kó má tóbi o, ojú tó gùn tó íǹṣì 4 ti tó, ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà ló yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Lu ihò tó máa di èkù mú báyìí, torí tí irin bá ti le tán, dìríìlì ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Tó o bá ń fi fáìlì rẹ ojú ẹ̀, má jẹ́ kó tíì fẹ́lẹ́ tán, ṣẹ́ ẹ kù sí bíi mílímítà 1, torí ojú tó fẹ́lẹ́ jù máa ń wọ́ nínú iná tàbí kó sán.

Ó wá kan iná, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ti ń bàjẹ́. Lọ bá alágbẹ̀dẹ tó wà ládùúgbò ẹ, dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ra eèdú dání, kó o ní kí wọ́n jẹ́ kó o lo ẹwìrì wọn ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ ìrọ̀lẹ́ torí ojú ò lè rí àwọ̀ irin dáadáa nínú oòrùn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọdé tó ń wo bí òyìnbó ṣe ń rọ ọ̀bẹ lórí fóònù, tí bàbá tó mọ̀ ọ́n rọ sì jókòó ní òpópónà kejì tí kò ní ọmọṣẹ́ kankan.

Wá mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́. Irin tó bá ti gbóná dé bíi 770 dígírì mágínẹ́ẹ̀tì ò ní fà á mọ́. Tó bá ti dé ibẹ̀, jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, kó pupa dọ́gba láti orí délẹ̀, kó o wá tì í bọ òróró jíjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó lọ tààrà, má rò ó sọ́tùn-ún sósì kó má baà wọ́. Má jẹ́ kó di yẹ́lò o, ó ti gbóná jù nìyẹn, á máa ṣẹ́. Àwọn àgbà kan ń fi omi ṣe é, ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n, tìẹ lè sán. Agolo onírin ni kó o bu òróró sí, kì í ṣe ike, kí iyanrìn àti ìdérí wà nítòsí, torí ó lè gbaná, má sì da omi sí i. Óìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, fi í sílẹ̀, èéfín ẹ̀ ò dáa fún àyà.

Fi fáìlì gbá ojú ẹ̀ wò, tó bá ń yọ̀ tí kò jẹ ẹ́, ó ti le. Má tíì yọ̀ o, torí tó bá jábọ́ báyìí ó lè ṣẹ́ sí méjì. Lọ́jọ́ yẹn náà ni kó o fi sínú ófúùnù ní 200 dígírì fún wákàtí 2, jẹ́ kó tutù, kó o tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọ̀ ẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí ò bá sí ófúùnù, nu ojú ẹ̀ kó dán, gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé irin nípọn tó ti pọ́n nínú iná, kó o máa wo àwọ̀ bó ṣe ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ojú: tí yẹ́lò bá ti kan ojú, rì í sómi kíá kí búlúù tó débẹ̀.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀, nítorí náà wá igi tó gbẹ, apá tàbí ìrókò, fi gọ́ọ̀mù Araldite àti ìṣó bráàsì dè é, kó o bo imú tó o bá ń fi sáńdípépà ra á, ekuru ìrókò máa ń yún ọ̀fun. Tó o bá ń pọ́n ọn, ká igun bébà lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe dagun nìyẹn ni kí ọ̀bẹ ṣe dagun lórí òkúta. Tí màmá bá ti fi gé tòmátì, kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹran ni mò ń tà ní Ìpàta, Ìlọrin. Ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ fún mi mú ju ti ilé ìtajà lọ, àmọ́ ó ń dípatà. Ṣé kí n sọ ọ́ nù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má sọ ọ́ nù, màmá. Kò ní kúrómíọ̀mù, èròjà tó ń lé ìpatà, tó pọ̀ bíi ti irin tí kì í dípatà ni. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi òróró díẹ̀ ra á, ẹ má jẹ́ kó sùn sínú omi ẹ̀jẹ̀. Tó bá kàn dúdú, ìyẹn ò burú, èyí tó pọ́n tó ń re ni ìpatà, ẹ fi eérú àti kànìnkànìn ha á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ẹ̀ sórí iná láti jó ọ̀rá kúrò, á rọ̀, á sì di pé alágbẹ̀dẹ ló máa tún un fún líle.