Ẹ bi wá: Ṣé lóòótọ́ ni etí adìẹ ń hù padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fẹ̀rọ lọ ata. Látọdún tó kọjá letí mi ti ń hó yee, ìyàwó mi á pè mí láti kíṣìnì mi ò ní gbọ́, ó ní mo kàn ń díbọ́n ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì wá ní tetí adìẹ bá bàjẹ́ ó máa ń hù padà, pé tèèyàn kì í hù. Ṣé kì í ṣe jíìnì kan náà ló wà lára gbogbo wa ni? Àbí kí n máa jẹ orí adìẹ? — Ọlọ́ta, Ìkẹ́rẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Láti 1987 sí 1988 ni wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà pé tí ariwo bá pa sẹ́ẹ̀lì onírun tó wà nínú etí adìẹ, ìyẹn àwọn tó ń gbọ́ ìró, òmíì máa ń jáde dípò ẹ̀. Tiwa ò jù bíi 15,000 lọ nínú etí kọ̀ọ̀kan, inú nǹkan kan tó ká bí ìkarawun ìgbín ni wọ́n wà, èyí tí wọ́n bí mọ́ wa náà la máa lò dalẹ́.

Ẹ ò sì ṣìnà lórí ti jíìnì o, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tó máa dà. Èyí tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di onírun ń jẹ́ ATOH1, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín gan-an ní in, àmọ́ níní in kọ́ ni ìṣòro, ta ló ń lò ó? Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fẹ́ gúnyán nílé (Èkìtì la kúkú wà), ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbá ọmọ odó mú á ní káwọn tó dúró tì í lọ máa wo ọbẹ̀. Bó ṣe rí nínú oyún nìyẹn, sẹ́ẹ̀lì tí ATOH1 bá kọ́kọ́ gbóná nínú ẹ̀ á ránṣẹ́ sáwọn tó múlé tì í, ọ̀nà tó ń gbà ránṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Notch, ATOH1 tiwọn á wá lọ sùn, wọ́n á di ẹni tó ń gbé onírun ró. Eku tí wọ́n yọ jíìnì yìí lára ẹ̀ ní 1999 ò ní sẹ́ẹ̀lì onírun ẹyọ kan.

Ní tadìẹ, tẹ́ni tó ń gúnyán bá ṣubú, ará ìdí ọbẹ̀ á sáré wá mú ọmọ odó. Tàwa àti eku, wọ́n ti ti ará ìdí ọbẹ̀ yẹn mọ́ yàrá. DNA, ohun tí jíìnì wà lára ẹ̀, máa ń wé mọ́ purotéènì bí òwú mọ́ kẹ̀kẹ́, ibi tó bá wé le, kò sóhun tó lè kà á, nínú eku ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá ti bí i tán báyìí ni wíwé yẹn ń le sí i lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ATOH1 nìkan sínú etí eku tó ti dàgbà tí kò fi tó.

Orí adìẹ ńkọ́? Inú yín á lọ jíìnì ẹ̀ bíi ti ẹran yòókù ni, ẹ jẹ ẹ́ tó bá dùn mọ́ yín.

Kò tíì sóògùn kẹ́mísì tó ń ṣílẹ̀kùn yẹn o, ẹni bá ń ta dúrọ́ọ̀pù ìhùtí fún yín, owó yín ló ń jẹ. Ẹ lọ bá dókítà elétí nílé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó-Èkìtì, torí ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí lásán ló dí i, kẹ́ ẹ sì ra ìbòtí bíi tàwọn tó ń la pákó, òwú téèyàn ń ki bọ etí ò tó. Tí wọ́n bá ti fún yín ní ìwé àyẹ̀wò, ẹ mú un lọ fún ìyàwó yín ní kíṣìnì.