Hóró Mẹ́rin, Ìgbà Mẹ́fà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Oògùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ọmọ mi, ọmọ ọdún kan, gbóná lóru. Paracetamol ìkókó, èyí tí wọ́n ń kán sí wọn lẹ́nu, ló wà nílé, ṣùgbọ́n ike tí wọ́n fi ń kán an ti sọnù. Mo fi ṣíbí inú páálí oògùn ikọ́ wọ̀n ọ́n. Àbúrò mi ní mo ti fún un jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? *(Ìyá ọmọ, Ògbómọ̀ṣọ́)*

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

Ẹ wo ara ìgò oògùn náà: oríṣi méjì ló wà. Paracetamol olómi ti àwọn ọmọdé sábà máa ń ní 120 mg nínú ṣíbí 5 ml. Èyí tí wọ́n ń kán le jù ú lọ púpọ̀: 100 mg ló sábà máa ń wà nínú 1 ml péré. Ọmọ tó wọn kílò 10 kò nílò ju 150 mg lọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tí wọ́n ń kán, 1.5 ml ni. Ṣíbí 5 ml tí ẹ bù jẹ́ 500 mg, odindi hóró kan tí àgbàlagbà ń gbé mì.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí paracetamol kí ara tó dà á nù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di májèlé lójú ọ̀nà, ẹ̀dọ̀ sì ní èròjà tó fi ń pa májèlé yẹn. Bí oògùn bá pọ̀ jù, èròjà náà á tán, májèlé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà wá ni pé ọmọ lè máa ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là, acetylcysteine, wà nílé ìwòsàn, àárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló sì dára jù láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ra sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ nílé oògùn, kí ẹ fi máa wọn oògùn ọmọ. Wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni kó wà láàárín ìlò kan sí èkejì, kó má sì ju ìgbà mẹ́rin lọ́jọ́. Àgbàlagbà náà kò gbọdọ̀ kọjá hóró mẹ́jọ (500 mg) láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn yín dáadáa: paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò.

Ìbéèrè: Mo lo oògùn ibà, artemether pẹ̀lú lumefantrine. Nígbà tó ku hóró mẹ́jọ, ara mi ti yá, mo fi ìyókù pamọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé, ibà tún gbé mi dè. Ṣé ayédèrú ni? *(Awakọ̀, Abẹ́òkúta)*

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ayédèrú, torí náà ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò lára páálí. Àmọ́ hóró mẹ́jọ tí ẹ dá sí ti tó láti dá ibà padà.

Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan yẹn. Artemether máa ń pa kòkòrò ibà lọ́pọ̀ yanturu, kíákíá. Òun ló jẹ́ kí ara yín fúyẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ló ń lò nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine kì í yára bẹ́ẹ̀, ó máa ń pẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, òun ló ń wá ìyókù kòkòrò rí. Nígbà tí ẹ dáwọ́ dúró, ìyókù ráyè bí sí i.

Fún ẹni tó wọn kílò 35 sókè, hóró 24 (20 mg artemether àti 120 mg lumefantrine nínú hóró kan) ni gbogbo rẹ̀: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́fà. Bí ẹ bá lo ti àkọ́kọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́rin ìdájí ni èkejì. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sùn kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù jí ara yín. Lẹ́yìn ìyẹn, alẹ́ àti àárọ̀ fún ọjọ́ méjì, bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀rá ló ń gbé lumefantrine wọ ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fi omi lásán gbé e mì lórí inú òfìfo ti fi èyí tó pọ̀ ṣòfò. Mílíìkì, ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín elépo ti tó. Bí ẹ bá bì í láàárín wákàtí kan, ẹ lò ó padà, kí ẹ sì ra èyí tẹ́ ẹ máa fi dípò rẹ̀.

Ẹ má fi hóró mẹ́jọ yẹn wo ibà tuntun yìí. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù. Àyẹ̀wò pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ṣì lè sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó ti lọ.

Ìbéèrè: Bàbá wa, ẹni ọdún 62, ń lo amlodipine 10 mg fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, ẹsẹ̀ kò fà. Wọ́n ti wá pa gbogbo rẹ̀ tì, wọ́n ní ara àwọn le. *(Ọmọ wọn, Èkó)*

Ìdáhùn: Ẹ bá wa bẹ bàbá kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, nítorí náà ara líle kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Amlodipine sì máa ń pẹ́ lára: ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń tán lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Kálísíọ̀mù ni iṣan tó yí òpójẹ̀ ká fi ń fún un pọ̀. Amlodipine máa ń dí ọ̀nà rẹ̀, òpójẹ̀ á sì fẹ̀. Òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ló fẹ̀. Èyí tó ń gbé e padà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi á wá máa ṣẹ́ wọ inú ẹran ara ní ọrùn ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé omi pọ̀ lára wọn, ìdí nìyẹn tí oògùn ìtọ̀ kò fi ràn án. Dókítà lè dín in kù sí 5 mg, kó fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un, nítorí losartan máa ń fẹ òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà náà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìwọ̀n tuntun tó fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn, ẹ má fi ọjọ́ méjì dá a lẹ́jọ́. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí apá wọn wà ní ọ̀gangan ọkàn, kí wọ́n má sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tàbí tí mímí ń nira, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fún wọn ní lisinopril, òun náà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ gbígbẹ lè tẹ̀ lé e, ẹ sọ fún dókítà. Ètè tàbí ahọ́n tó bá wú kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ tó ń mọ́.

Ìbéèrè: Omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, kò ran ọgbẹ́ inú mi. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni mo ń lò ó. Diclofenac, oògùn ìrora, ni mo ń lò fún orúnkún. *(Òǹtajà, Iléṣà)*

Ìdáhùn: Ẹ lo omeprazole ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu. Oúnjẹ ló ń jí àwọn ibi tí ásíìdì ti ń jáde nínú ikùn, oògùn sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó jí. Ṣùgbọ́n diclofenac ló ṣeé ṣe kó máa tú iṣẹ́ rẹ̀ ká: bó ṣe ń dín ìrora orúnkún kù náà ló ń dín omi yíyọ̀ tó ń bo ògiri inú ikùn kù. Ẹ bi dókítà bóyá paracetamol lè rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè fún àyẹ̀wò H. pylori, kòkòrò tó máa ń fa ọgbẹ́ inú. Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.