Ṣé òótọ́ ni pé ọtí wáìnì ni ó gba ìlú Rothenburg sílẹ̀, kí sì ni àlejò lè rí níbẹ̀?

Òótọ́ ni ogun náà, ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ti ọtí. Ní ọdún 1631, nígbà Ogun Ọgbọ̀n Ọdún tí àwọn Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì bá ara wọn jà ní Yúróòpù, àwọn ọmọ ogun Kátólíìkì tí ọ̀gágun Tilly ṣáájú gba Rothenburg ob der Tauber, ìlú olódi kan ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ní Tilly fẹ́ pa ìlú náà run, àfi bí ẹnìkan bá lè mu ife ńlá kan tí ó gbà ju lítà 3 wáìnì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ni Nusch, tí ó ti jẹ olórí ìlú rí, bá gbé e mu tán. Eré orí ìtàgé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1881 ni ó sọ ìtàn náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ní ojúde ọjà, ẹ ó rí aago kan tí fèrèsé wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Bí ó bá lù, fèrèsé yóò ṣí, ère Tilly yóò yọ ní ọ̀kan, ère Nusch yóò sì gbé ife sẹ́nu ní èkejì. Síbẹ̀, odi ìlú ni mo fẹ́ kí ẹ má ṣe fò. Ọ̀nà tí wọ́n fi òrùlé bò wà lórí rẹ̀ tí ènìyàn lè rìn láìsanwó. Bọ́ǹbù ba apá kan rẹ̀ jẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1945, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì dáwó tún un mọ. Ẹ ó ka orúkọ wọn lára àwọn òkúta tí wọ́n fín in sí bí ẹ ti ń kọjá.