Bíà kan náà, ìgò méjì, adùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Lítà 20 ni mo pọn nílé, ọjọ́ kan náà ni mo sì rọ gbogbo rẹ̀ sí ìgò. Ìgò kan á dùn, á sì hó dáadáa. Tí n bá ṣí òmíràn lọ́jọ́ kejì, á korò, kò sì ní hó tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n yí èròjà padà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fọwọ́ kan èròjà. Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú ìgò tí ẹ dé, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí ìgò yín bá jẹ́ ìlàjì lítà, bíà kékeré bí 40 lẹ ní báyìí, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ṣúgà tó ń mú un hó nínú ìgò la fura sí jù. Bí kò bá pò kárí, ìgò kan á gba púpọ̀, òmíràn á gba díẹ̀. Gírámù 6 sí 7 ló tó lítà kan, ìyẹn nǹkan bíi gírámù 130 fún lítà 20. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ṣíbí a máa tanni. Ẹ sè é nínú omi mìlílítà 250, kó tutù, kí ẹ dà á sí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ́, kí ẹ wá fi rọ́bà fa bíà lé e lórí. Ẹnu rọ́bà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí bíà má baà ta sókè, torí afẹ́fẹ́ tó bá kó wọ̀ ọ́ nígbà yìí ló ń sọ adùn rẹ̀ di ti páálí tó rin tó bá yá. Ẹ rọra fi ṣíbí tó mọ́ rò ó pọ̀. Gbogbo èyí ń dúró de ìgbà tí háídírómítà, ohun èlò tí a fi ń wo bí ṣúgà ṣe kù sí nínú bíà, bá fi nọ́ńbà kan náà hàn fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra o. Ẹni tó bá kánjú lè bá ìgò fífọ́ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ṣúgà, ẹ wo fìríìjì. Bíà tó tutù dé 4°C kì í fi òórùn àti adùn rẹ̀ hàn, kíkorò àti gáàsì ló máa ń yọ síta. Tó bá wà ní 10 sí 12°C, adùn ọkà á jáde, àléébù náà á sì jáde. Ìgò tí kò lò ju wákàtí kan nínú òtútù á ru, gáàsì á sá lọ, ohun tó kù nínú ife á sì rọ̀. Ẹ jẹ́ kó lo wákàtí 24 lórí ìdúró.

Ó lè jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò lẹ dà mọ́ ọn: òun náà korò. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ife tí ọ̀rá tàbí ọṣẹ bá kù lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìfófó dúró.

Ẹnu tiyín ńkọ́? Ọṣẹ ìfọyín, ata àti ọ̀fìnkìn a máa yí adùn padà. Ẹ ní kí ẹlòmíràn bu ife mẹ́ta fún yín láìjẹ́ kí ẹ rí i, méjì láti inú ìgò kan, ìkẹta láti inú òmíràn, kí gbogbo wọn tutù bákan náà. Ẹ wá èyí tó yàtọ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà bíi mélòó kan, torí ẹni tó ń méfò náà á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Bí ẹ kò bá rí i mú, kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ìgò.

ÌBÉÈRÈ: Bíà mi ń ta bí èso ápù tí kò tíì pọ́n. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kò tíì gbó ni. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 20 sí 22°C fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i kó tó wọ fìríìjì. Àmọ́ bó bá ń kan sí i lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ìgò sì ń tú jáde bí ẹ bá ti ṣí wọn, kòkòrò àìfojúrí ti wọ̀ ọ́, dídúró kò sì ní wò ó sàn. Ẹ mú kí ìgò tó kù tutù, kí ẹ fi aṣọ nípọn bò ó kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ dà á nù, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà.