Ajá tí tírélà gbá: ibi tí owó ìtọ́jú ti lè wá

Okun o. Arábìnrin tó bèèrè bí òun ṣe lè rí owó tọ́jú ajá ìgboro tí tírélà gbá lọ́nà Obajana, tí dókítà ẹran ní Kabba sì ní kó san àsansílẹ̀, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ má bínú sí dókítà yẹn. Oògùn tó máa lò, owó ara rẹ̀ ló fi rà á.

Iye tí wọ́n dá lé yín, ẹ ní kí wọ́n pín in sí méjì: ti alẹ́ òní àti ti iṣẹ́ abẹ. Ti alẹ́ òní ni omi tí wọ́n máa fà sí i lára, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi máa dá. Ìyẹn ni kí ẹ wá kíákíá. Egungun tó ṣẹ́ àmọ́ tí kò yọ síta lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn dókítà gan-an máa ń fẹ́ kí ara ajá kọ́kọ́ balẹ̀ kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́ oorun. Àsìkò yẹn ni ẹ máa fi wá owó ńlá. Ẹ tún bèèrè bóyá ó ṣì ń mọ ìrora lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá ẹ̀yìn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí iṣẹ́ náà bá ju agbára Kabba lọ, èmi máa ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì ní Ìlọrin. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Dírẹ́bà máa gba owó ìjókòó lórí ajá, nígbà míì owó èèyàn méjì, torí ẹ̀jẹ̀.

Bílì ni kí ẹ yà ní fọ́tò, kí nọ́ńbà àkáùntì dókítà hàn níbẹ̀. Àwòrán ajá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù lórí WhatsApp, àwọn oníjìbìtì sì ń lò ó. GoFundMe, ìkànnì tí wọ́n fi ń dáwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í sanwó sí báńkì Nàìjíríà, nítorí náà ọmọ ilé tó wà lókè òkun ló máa bá yín gbà á. Kó jẹ́ ẹni tí gbogbo wa mọ bàbá rẹ̀.

Wọ́n á bú yín pé èèyàn ò rówó ra oògùn ibà, ẹ̀yin ń dáwó fún ajá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ lọ bá àwọn ọdẹ. Ọdẹ tí ìmàdò ti fa ikùn ajá rẹ̀ ya rí kì í bèèrè pé kí ni ajá wúlò fún. Baba kan ní Ìjùmú gbọ́ tèmi, ó tú àpò ọdẹ rẹ̀, ó kó náírà tó ń rùn fún ẹ̀tù lé mi lọ́wọ́, ó wá ní: "Ṣé wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi?" Látìgbà náà ni mo ti ń kọ abẹ́rẹ́ yẹn mọ́ bílì. Ìyá ọlọ́mọ tí kò fẹ́ rí ajá sójú pàápàá ń dáwó sí i. (Bó bá gé yín jẹ nígbà tí ẹ ń gbé e, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ tiyín lónìí.)

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá àjọ sílẹ̀. Àwa mélòó kan tó ń fún ajá ìgboro lóúnjẹ ń dá ₦1,000 lóṣù, ọwọ́ dókítà lowó wà, kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóru láìdúró dè wá. A ti jọ fẹnu kò pé bó bá ní kò sí ìrètí, owó abẹ́rẹ́ tí ajá máa fi sùn lọ la máa san. Ẹnì kan kò fara mọ́ ọn, a dá owó rẹ̀ padà fún un.